Ta ló ń jẹ «má» nínú «má wọlé»? Ọ̀rọ̀ MCPTT lórí broadcast

Àyàn_Reading

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, ojú mi ti ṣú, mo nílò ojú ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni mò ń ṣe níbí, fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ sọ́fítíwià MCPTT, ìyẹn ètò tó ń sọ fóònù di wọ́kì-tọ́kì fún ọlọ́pàá, panápaná àti àwọn elétò áńbúláǹsì. Ẹ má bi mí lórúkọ ilé iṣẹ́ náà, mo ṣì fẹ́ máa jẹun níbẹ̀. Yàrá tí a ti ń ṣe é kò ní fèrèsé kankan. Sẹ́ẹ̀lì LTE (màásìtì 4G) kékeré méjì ló wà níbẹ̀, àti àpótí onírin tí à ń kó fóònù sí kí nẹ́tíwọ̀kì ìta má bàa dá sí wa, àti fóònù 12. Mẹ́jọ ń gba ohùn lórí broadcast, ìyẹn eMBMS, níbi tí màásìtì ti ń sọ ọ̀rọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn. Mẹ́rin yòókù ń gbà á lórí unicast, kálukú pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀.

Wàhálà rèé. Ní ọjọ́ Ajé, ó ti sú mi láti máa wí «testing, one, two» látàárọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní: «Má wọlé! Òrùlé ti fẹ́ wó!» Fóònù mẹ́rin orí unicast wí i bí mo ṣe wí i. Nínú mẹ́jọ orí broadcast, márùn-ún wí i ní pípé. Mẹ́ta tó kù ní: «...wọlé! Òrùlé ti fẹ́ wó!»

Ọ̀gá mi tó jẹ́ ará Scotland dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní ohùn náà mọ́ kedere, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú yàrá yẹn pé fóònù mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ rán panápaná wọ inú iná ni.

Mo ti wo agbára àmì nínú àpótí, ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pààrọ̀ fóònù sí ara wọn: àwọn tó ń gé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà gbogbo, lẹ́ẹ̀kan 2, 5 àti 7, lẹ́ẹ̀kejì 1 àti 4. Mo wo log (àkọsílẹ̀) sáfà: ó fún mi ní Floor Granted (àṣẹ láti sọ̀rọ̀), ó fi Map Group To Bearer (ibi tí ohùn ẹgbẹ́ á gbà) ránṣẹ́, Floor Taken (ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀) tẹ̀ lé e, ohùn tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ lọ létòlétò. Ohun kan ṣoṣo tí mo tún kíyè sí ni pé bí a bá ń dá ara wa lóhùn léraléra, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń gé. Ìgbà tí gbogbo wa bá dákẹ́ díẹ̀, tí ẹnì kan wá sọ̀rọ̀, ni nǹkan náà máa ń jẹ ọ̀rọ̀ lórí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ gbà mí o.

---

Ayọ̀_Houston

Wo MCH scheduling period yín, ìyẹn bó ṣe ń pẹ́ tó kí màásìtì tó tún to ohun tí yóò sọ lórí broadcast. Àwọn tó fi eMBMS ṣe tẹlifíṣàn a máa gbé e ga, torí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù kò bìkítà bí àwòrán bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Wọ́kì-tọ́kì ò gba bẹ́ẹ̀. Nínú TS 22.179, ìwé òfin MCPTT, láti ìgbà tí o bá tẹ bọ́tìnnì títí dìgbà tí wọ́n á ní kí o sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ tó 300 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), láti ẹnu rẹ dé etí ẹni tó ń gbọ́ kò sì gbọdọ̀ tó 300 ms, nígbà 95 nínú ìgbà 100. A ti rí i níbí pé iye tí wọ́n gbé wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe sẹ́ẹ̀lì kò bá wọ́kì-tọ́kì mu rárá. Ìwòyí ọ̀la, o ti rí ojútùú.

---

Bàbá_Wayaléèsì

Ayọ̀, òótọ́ lo sọ o, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ «má». Scheduling period a máa mú ohùn pẹ́, kì í jẹ ẹ́. Ohun tó pẹ́ lọ́nà á ṣì dé. Àṣẹ àti ohùn jọ wà lórí bearer (ọ̀nà tí broadcast ń gbà) kan náà. Bí wọ́n bá pẹ́, wọ́n jọ pẹ́ ni.

Àyàn, ìdáhùn rẹ wà nínú ìbéèrè rẹ, o kàn gbé e sísàlẹ̀ bí ẹni fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà. O ní bí ẹ bá ń dá ara yín lóhùn, kì í gé. Ibẹ̀ ni kí o gbà wọlé.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé àwọn tó máa kà á lẹ́yìn wa. Ká ní panápaná 200 wà lábẹ́ màásìtì kan ṣoṣo, gbogbo wọn nínú ẹgbẹ́ kan. Lórí unicast, ẹnì kan sọ̀rọ̀, màásìtì gbọ́dọ̀ da ọ̀rọ̀ náà kọ ní ìgbà 199. Lórí broadcast, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ jáde, gbogbo etí gbọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí 3GPP, àwọn tó ń ṣe òfin nẹ́tíwọ̀kì fóònù, fi mú eMBMS wọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ láti Release 12 (ẹ̀dà kejìlá òfin wọn), tí MCPTT fúnra rẹ̀ wá dé ní Release 13. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́. Lórí unicast, fóònù tí kò gbọ́ á sọ fún màásìtì pé òun ò gbọ́, wọ́n á sì tún un sọ kí ojú tó ṣẹ́. Lórí broadcast kò sí ẹnu tí fóònù á fi sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá já bọ́ ti já bọ́ nìyẹn.

Ohun kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. A kì í so ẹgbẹ́ mọ́ bearer títí ayé. Bearer ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀, torí pé bí a bá ní kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí i nígbà tí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, ìpẹ́ rẹ̀ á pọ̀ jù: fóònù á máa dúró de MCCH (ìkéde tó ń sọ ibi tí broadcast wà), ìyípadà tó bá sì bá MCCH lè gba ìṣẹ́jú àáyá 5.12 tàbí 10.24. Nítorí náà a ṣí bearer kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jọ ń lò ó. Gbogbo fóònù dẹ etí sí subchannel (ọ̀nà kékeré inú bearer) gbogbogbò kan. Ìgbà tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni sáfà á wí lórí subchannel yẹn pé: ẹgbẹ́ báyìí, TMGI (nọ́ńbà bearer) báyìí, port (ẹnu ọ̀nà) báyìí ni ohùn wọn á gbà. Map Group To Bearer nìyẹn. Fóònù tí kò bá tíì gbọ́ èyí, ohùn á kọjá níwájú rẹ̀ bíi dánfó tí kọ́ńdọ́ ò pe ibi tó ń lọ. Ó rí ọkọ̀, kò mọ̀ pé tòun ni.

Map yìí sì jẹ́ pákẹ́ẹ̀tì RTCP APP lásán, MCMC lorúkọ rẹ̀, lórí UDP, ọ̀nà tí kì í dúró de ìdáhùn. Kò sí ẹni tó máa dáhùn pé òun ti rí i gbà. Ìdí nìyẹn tí TS 24.380, ìwé òfin MCPTT mìíràn, fi ní kí sáfà máa tún un sọ: aago T16 ló ń ka ìgbà àtúnsọ. Aago T15 ń ṣọ́ ìjíròrò. Bí gbogbo yín bá dákẹ́ títí T15 fi pé, sáfà á fi Unmap Group To Bearer ránṣẹ́, fóònù á gbàgbé ibi tí ohùn ń gbà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí Map.

Nítorí náà, ìbéèrè mi: iye wo lẹ fi sí T15? Iye wo lẹ fi sí T16? Ìgbà wo gan-an ni Map dé fóònù tó gé ọ̀rọ̀? Má fi log sáfà dá mi lóhùn o. Log fóònù ni mo fẹ́. Sáfà tó ń sọ̀rọ̀ lórí broadcast ò mọ ẹni tó gbọ́, ó kàn mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀ ni.

(Ọdún 1979 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, rédíò VHF tó wúwo bí ọlọ la fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ bí olùkọ́, ẹ forí jì mí.)

---

Àyàn_Reading

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ojú tì mí.

T15: ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹnì kan nínú wa ló dín in kù ní oṣù méjì sẹ́yìn kí àyẹ̀wò tó ń dá ṣiṣẹ́ lóru lè tètè parí, ó sì gbàgbé láti dá a padà. Mi ò ní sọ ẹni náà. Èmi ni.

T16: 500 ms.

Mo wá kó log jáde láti inú fóònù, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò bá èrò yín mu, ẹ má bínú. Mo rò pé n ó rí i pé Map àkọ́kọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Kò sọnù. Ó dé gbogbo fóònù mẹ́jọ. Ẹ wo fóònù 7: Map dé, ó sì jókòó sínú fóònù fún 240 ms gbáko kí app wa tó ṣí i kà. Láàárín àkókò yẹn, pákẹ́ẹ̀tì ohùn 12 ti kọ́wọ̀ọ́ kọjá, 20 ms kan sí pákẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n dé ẹnu port tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, fóònù dà wọ́n nù. Mo gbé ohùn tèmi síwájú, mo wọ̀n ọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 60 ms. «Má» jẹ́ 180 ms. Ẹ ro wọ́n pọ̀.

Fóònù 3 tó wí i ní pípé, 40 ms péré ni Map fi dúró nínú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni nǹkan náà jẹ, kò kan ọ̀rọ̀.

Mo wọ inú code. Ẹnì kan (èyí kì í ṣe èmi) ti kọ ọ́ pé nígbà tí kò bá sí ẹgbẹ́ kankan tí a so mọ́ bearer, kí app máa sùn, kó máa jí lẹ́ẹ̀kan ní 300 ms láti wo subchannel gbogbogbò, nítorí bátìrì. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti wà lórí bearer, kì í sùn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi gé bí a bá ń jíròrò. Ìdí nìyẹn náà tí fóònù tó ń gé fi ń yí padà: ó kù sọ́wọ́ ìgbà tí oorun kálukú bẹ̀rẹ̀.

---

Bàbá_Wayaléèsì

Háà. Afẹ́fẹ́ ni mo rò pé ó jẹ ẹ́, àṣé oorun ni. O ṣeun tí o kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìwo log.

Ẹ jẹ́ kí app jí fúnra rẹ̀ nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì bá dé, kó yé lọ máa yọjú. T15, ẹ gbé e sókè: nínú ìjàǹbá gidi, ènìyàn lè dákẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá torí pé ó ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Ẹnì kan á dábàá pé kí sáfà fi Map ránṣẹ́, kó dúró díẹ̀, kó tó fún ẹni tó tẹ bọ́tìnnì ní Floor Granted. Ó dáa, ṣùgbọ́n inú 300 ms tí Ayọ̀ sọ náà ni ìdúró yẹn wà. Má ná an tán.

Àti pé, má sọ pé iṣẹ́ ti parí. Nínú àpótí, àmì lágbára. Gbé attenuator (ohun tó ń dín agbára àmì kù) sí i, dín in kù títí ohùn á fi máa ya, kí o wá wo ohun tí Map tó sọnù nítòótọ́ ń ṣe. Fóònù gbọ́dọ̀ lè rán iṣẹ́ sí sáfà nípa SIP (ọ̀nà tí fóònù àti sáfà fi ń ránṣẹ́ síra wọn) pé òun ò gbọ́ broadcast mọ́, kí sáfà gbé e lọ sí unicast. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí sáfà fi ń mọ̀ nìyẹn. Bí ìròyìn yẹn bá pẹ́, panápaná kan á wà nínú ilé tó ń jó, á rò pé gbogbo ẹgbẹ́ ló dákẹ́.

---

Ìyá_Ìbejì_LDN

Mi ò mọ T15 yàtọ̀ sí T16, áńbúláǹsì ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n «...wọlé» yẹn, ó gbọ̀n mí.

Láti 2015 ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ESN (nẹ́tíwọ̀kì pàjáwìrì tuntun ti Britain) ń bọ̀ wá gba ipò Airwave (rédíò tí à ń lò), orí nẹ́tíwọ̀kì EE la ó sì ti máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní 2019 ni Airwave máa kú. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Airwave ṣì wà lórí àyà mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o, mo kàn mọ ìwà rẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi lórí rédíò rèé: tẹ̀ ẹ́, dúró gbọ́ ohùn tó ń sọ pé o lè sọ̀rọ̀, mí, kí o tó lanu. Èkejì: má fi ọ̀rọ̀ gidi ṣe àkọ́kọ́. Pe ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀, pe ara rẹ, kí o tó sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá jẹ nǹkan, orúkọ ni kó jẹ. Ẹ̀kẹta, èyí wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi kan tó ti fẹ̀yìn tì: má sọ pé má ṣe báyìí, sọ ohun tí o fẹ́ kí ó ṣe. Dípò «má wọlé», sọ pé «dúró síta, dúró síta». Ọ̀gá yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2005 tí bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní London. Rédíò ò ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Ènìyàn ló ń sáré gun àtẹ̀gùn wá láti jíṣẹ́ fún àwọn tó wà lókè, ó sì ń sáré padà. Láti ìgbà náà, kò fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni sọ́wọ́ sílébù kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ ṣe iṣẹ́ yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń kọ ìwé ìkọ́ni gbàgbé tiwa.

---

Àyàn_Reading

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ gidi. Ẹ mọ ohun tí ẹ rán mi létí? Ìdílé àyàn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kì í fi dùndún jíṣẹ́ láìkọ́kọ́ ki ẹni náà. Á pe orúkọ bàbá rẹ̀, á pe ibi tó ti wá, ẹni náà á yíjú, kó tó wá lu ohun tó fẹ́ wí, á sì lù ú ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo rò pé owó ló ń wá ni.

---

Ọmọ_Mushin

Ẹ kú ọgbọ́n. Ìbéèrè kan láti ọ̀dọ̀ wa nílé: ní 2010, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ààbò fún ZTE (ilé iṣẹ́ kan ní China), mílíọ̀nù dọ́là 470, kámẹ́rà àti fóònù fún ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yẹn ti di ìtẹ́ ẹyẹ. Ǹjẹ́ a lè lo ohun tí ẹ ń sọ yìí lórí èyí tó kù níbẹ̀? Àbí a ní láti tún yá owó?

---

Bàbá_Wayaléèsì

Rárá, CDMA (irú nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ kan) ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, eMBMS ń fẹ́ LTE. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: broadcast kì í ṣe dandan láti bẹ̀rẹ̀. App MCPTT lè ṣiṣẹ́ lórí unicast lásán, lórí LTE tó wà ní Mushin lónìí, tí nẹ́tíwọ̀kì bá gbà láti fún un ní QCI (nọ́ńbà tó ń sọ irú ọ̀nà tí nẹ́tíwọ̀kì fún ọ̀rọ̀) 65 fún ohùn àti 69 fún àṣẹ, kí ẹni tó ń wo fídíò má bàa gba ọ̀nà mọ́ panápaná lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ènìyàn 15 lábẹ́ màásìtì kan ò nílò eMBMS. Ìgbà tí èrò bá di 200 lójú kan ni. Àwọn ará Kòríà Gúúsù kọ́ nẹ́tíwọ̀kì tiwọn lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Sewol rì ní 2014, wọ́n parí rẹ̀ ní 2021. Amẹ́ríkà ní tiwọn lábẹ́ òfin 2012, Ayọ̀ lè sọ ìyẹn. Àwa lè bẹ̀rẹ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n kí bátìrì màásìtì tó ṣáájú o. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tan, MCPTT ò mọ ohun tó ń jẹ́ Release 13.

---

Àyàn_Reading

Mo padà dé. App ò sùn mọ́, T15 ti di ìṣẹ́jú àáyá 30. Mo wí i ní ìgbà 50 lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, «má» pé ní fóònù mẹ́jọ, ìgbà 50. Bátìrì tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sùn, mo wọn ìyẹn náà: ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó ohun tí à ń sọ.

Mo wá gbé attenuator sí i bí Bàbá ṣe wí. Nígbà tí mo dín àmì kù dé ibi tí ohùn ti ń ya, Map àkọ́kọ́ sọnù ní fóònù 6, àti ní fóònù 2 lẹ́ẹ̀kan. T16 tó wà ní 500 ms, ó jẹ gbogbo «má wọlé» pátá, ó ku «òrùlé ti fẹ́ wó». Mo fẹ́ kí sáfà kọ́kọ́ fi Map mẹ́ta ránṣẹ́ ní 20 ms síra wọn kó tó bọ́ sí T16. Àwọn tó ń kọ sáfà ní ìyẹn ò sí nínú ìwé. Mo ní kò sí níbẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ ṣe é. A ń jà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀gá mi ti fi gbólóhùn náà sínú àyẹ̀wò tí à ń ṣe lójoojúmọ́, òun náà sì fẹ́ máa wí i. Mo ti kọ́ ọ láti àná. «Mà wọlé» ló ṣì ń jáde lẹ́nu ẹ̀.